Igi Ìnulẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Yìnyín ń bọ́ sórí Mestia bí ẹni ń gbọn òwú,
òkè Káúkásù funfun ju aṣọ nọ́ọ̀sì lọ.
Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
wọ́n ti rán ikùn mi bí ẹni rán àpò àlìkámà,
ojú rírán náà kò tíì pé ọjọ́ méjì.
Aago méjì òru. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń hanrun,
àfi èmi,
àfi Nazibrola.

Garawa méjì ló ń tì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù.
Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé èwo lomi ọṣẹ, èwo lomi à-fi-ṣan;
ó wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ
tí kò mọ ọbẹ̀ yàtọ̀ sí omi ìfọwọ́.

Kì í yára. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Ó nu irin bẹ́ẹ̀dì, ó nu abẹ́ irin,
ó nu bọ́tìnnì tí a fi ń pe nọ́ọ̀sì,
ó nu ọwọ́ ilẹ̀kùn níwájú, ó nu ún lẹ́yìn,
níbi tí ojú kì í dé
tí ìka kì í yẹ̀.

Bàbá Jokia darandaran ló ni bẹ́ẹ̀dì karùn-ún títí di àná.
Kò gba ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé jáde.
Nazibrola yí tìmùtìmù rẹ̀ padà,
òórùn kilorín ta mí lójú, omi bọ́.
Ó fọ bẹ́ẹ̀dì náà bí ẹni ń wẹ òkú,
ó tún un fọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.
Ẹnìkan ń bọ̀ láàárọ̀ tí yóò sùn síbẹ̀.
Kò mọ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.
Eléyìí kò sí lára ẹ̀fọ́:
ọwọ́ tó ń já ẹ̀fọ́ ló ń gùn kiri.

Ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Tariel dé láti Tibilísì,
ọkùnrin gíga tí gbogbo ilé ń dìde fún.
Ó ti ibi egbò ẹsẹ̀ kan ní yàrá kejì ń bọ̀,
ìkánjú ti já bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀,
ikùn mi ló ń wá.
Nazibrola fi igi ìnulẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà
bí ẹni ń dènà fún ewúrẹ́.

"Ọwọ́ yín."

"Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Mo mọ̀ yín dáadáa.
Ọwọ́ yín ni n ò mọ ibi tó ti ń bọ̀."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Omi ń kán láti orí igi náà, tó, tó, tó.
Ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀yìn dà. Mo gbọ́ ẹ̀rọ omi,
mo ka ogún, mo ka ọgbọ̀n, omi ṣì ń dà.
Ó padà wá, òtútù ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di pupa,
ó gbé méjèèjì sókè bí ọmọ iléèwé
tí olùkọ́ fẹ́ yẹ èékánná rẹ̀ wò.
Igi gbéra. Ó wọlé.
Ó fọwọ́ kan ikùn mi, mo figbe ta, yìnyín ni!
Nazibrola rẹ́rìn-ín sínú garawa pupa.

Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo gbé wáìnì fún ọ̀jọ̀gbọ́n,
nítorí ọ̀bẹ rẹ̀ hàn, àpá rẹ̀ wà lára mi.
Ṣùgbọ́n ibà tí kò mú mi, kí ni mo fẹ́ pè é?
Sàréè tí wọn kò gbẹ́, ta ló ń kà á?
Mo gbé wàràkàṣì kan dání, mo wá a lọ.
Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ sí mi.
Mo la ẹnu kí n dúpẹ́.

"Má tẹ ibẹ̀ yẹn," ó ní,
"kò tíì gbẹ."